Serial console dákẹ́ lẹ́yìn GRUB lórí àpótí tí kò ní ojú VGA (iná ló lọ lójijì)

AráÌkẹ́rẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Àpótí kékeré kan wà níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní Ìkẹ́rẹ́ níbí. PC Engines APU2 ni. Òun ló ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo yàrá, òun náà ló ń tọ́jú iṣẹ́ táwọn ọmọ bá ṣe. Debian 12 (irú Linux kan) ló wà lórí rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé Debian yẹn kalẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yẹn kú, ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi yọ SSD rẹ̀ (ibi tó ń tọ́jú gbogbo fáìlì), ó gbé e sínú àpótí yìí, ó tún orúkọ àwọn ojú nẹ́tíwọ̀kì ṣe, gbogbo ẹ̀ sì ń lọ geere láti ìgbà náà.

Lálẹ́ àná, iná lọ lójijì, bátìrì inverter náà sì ti rẹ̀. Nígbà tí iná dé, iná wẹ́wẹ́ iwájú àpótí tàn, àmọ́ kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, SSH ò wọlé, ping ò dáhùn. Kò níbi tí èèyàn lè ki kébù ojú (monitor), ìyẹn VGA tàbí HDMI, bọ̀. Serial ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìn nìkan la fi lè bá a sọ̀rọ̀. Mo ra kébù USB sí serial, chip CH340 ló wà nínú rẹ̀. Mo ki kébù náà bọ láptọ́ọ̀pù mi (Ubuntu 22.04), mo ṣí minicom (ètò tí a fi ń bá serial sọ̀rọ̀) sórí /dev/ttyUSB0, ó ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí dmesg (àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kernel) sọ rèé:

`ch341-uart converter now attached to ttyUSB0`
`usbfs: interface 0 claimed by ch341 while 'brltty' sets config #1`
`ch341-uart converter now disconnected from ttyUSB0`

Ó wọlé, ó tún jáde. Ṣé kébù yìí ti bàjẹ́ ni? Ọjọ́ Ajé làwọn ọmọ ń padà bọ̀.

ÀgbàWáyà (Adó)
Àbúrò, kébù rẹ ò ṣe nǹkan kan. Wo ìlà kejì dáadáa, orúkọ ẹni tó lé e jáde wà níbẹ̀: brltty. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa darí ẹ̀rọ táwọn tí kò ríran fi ń ka Braille. Àwọn kan lára ẹ̀rọ Braille wọ̀nyẹn ń lo nọ́ńbà USB kan náà pẹ̀lú CH340 (1a86:7523), nítorí náà bí brltty ti rí kébù rẹ, ó rò pé tòun ni, ó gbà á mọ́ kernel (ọkàn Linux fúnra rẹ̀) lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kan ìṣòro yìí lórí Ubuntu 22.04.

`sudo apt remove brltty`

Yọ kébù, tún un kì bọ̀, ttyUSB0 á dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ń fi láptọ́ọ̀pù yẹn ka Braille, má yọ brltty. Lọ wá kébù tó ní FTDI tàbí CP2102 nínú kó o lò ó dípò.

AráÌkẹ́rẹ́
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ó ti dúró. Ó kọ́kọ́ ní "Permission denied", mo fi ara mi sínú ẹgbẹ́ dialout (`sudo usermod -aG dialout $USER`), mo jáde, mo tún wọlé, minicom sì ṣí ní ìyára 115200, 8N1.

Àmọ́ òkùnkùn biribiri ni. Mo yọ iná àpótí náà, mo dá a padà, lẹ́tà kan ṣoṣo ò jáde.

ỌmọÌfàkì
Irú kébù wo lẹ fi so USB yẹn mọ́ àpótí? Bó bá jẹ́ èyí tó lọ tààrà, ẹsẹ̀ 2 sí ẹsẹ̀ 2, ẹsẹ̀ 3 sí ẹsẹ̀ 3, ẹ ò ní rí nǹkan kan láéláé. APU àti láptọ́ọ̀pù yín, irú kan náà ni àwọn méjèèjì: ẹsẹ̀ 3 ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ 2 ni wọ́n fi ń gbọ́. Pẹ̀lú kébù tààrà, ẹnu kọjú sí ẹnu, etí kọjú sí etí. Null modem lẹ nílò: 2 lọ sí 3, 3 lọ sí 2, 5 sí 5. Wáyà mẹ́ta péré ti tó.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ dán USB yẹn wò fúnra rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára àpótí, ẹ fi wáyà tín-ín-rín kan so ẹsẹ̀ 2 àti 3 rẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá tẹ nǹkan nínú minicom. Bí ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ bá padà wá sójú yín, USB àti minicom yín dára, kẹ́ ẹ kọjú sí kébù.

AráÌkẹ́rẹ́
Mo so 2 àti 3 pọ̀, mo tẹ̀, kò kọ́kọ́ padà wá. Ìgbà tí mo pa Hardware Flow Control nínú ètò minicom ló tó ń padà wá. Nítorí náà USB dára, kébù ló lọ tààrà. Kò sí null modem lọ́jà níbí. Ọ̀gá kan tó ń tún fóònù ṣe ló bá mi gé kébù yẹn, ó fi soldering iron so 2 mọ́ 3 àti 3 mọ́ 2, ó fi 5 sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó ti sọ̀rọ̀ o! Mo rí BIOS (ètò tó kọ́kọ́ ń jí nínú àpótí), ó ka mẹ́mórì, ó rí SSD, GRUB (ètò tó ń gbé Linux dìde) jáde. Ó wá kọ:

`Loading Linux 6.1.0 ...`
`Loading initial ramdisk ...`

Ibẹ̀ ló kú sí. Kò sọ nǹkan míì mọ́. Ohun kejì ni pé mo fẹ́ yan nǹkan míì lójú GRUB, àpótí ò gbọ́ kíbọ́ọ̀dù mi rárá. Mo ti ń rò ó pé kí n kúkú gbé Debian tuntun lé e.

Ìyá_Sẹ́fà (Ìyìn)
Àbúrò, má tíì gbé nǹkan kan lé nǹkan kan o. Iṣẹ́ àwọn ọmọ wà lórí SSD yẹn.

Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù kọ́kọ́. Ṣé o fi ètò tó o yí pa mọ́ kó o tó pa minicom? Bí o kò bá yan "Save setup as dfl", ó ti padà sí ti tẹ́lẹ̀, Hardware Flow Control sì ti di Yes. Tó bá wà ní Yes, láptọ́ọ̀pù á máa dúró de àmì CTS kó tó fi lẹ́tà kan ránṣẹ́. Wáyà mẹ́ta lo ní, CTS kò sí nínú wọn, nítorí náà yóò dúró títí. Ìdí nìyẹn tó o fi ń ríran tí o kò lè fọhùn. Ctrl-A, lẹ́yìn náà O, Serial port setup, tẹ F kó di No, fi pa mọ́.

Ó wá ku ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dúró ni kó o wò. BIOS sọ̀rọ̀, GRUB sọ̀rọ̀, kernel ni kò sọ̀rọ̀. Lórí APU, BIOS ni ó ń ṣe agbẹnusọ fún GRUB: GRUB rò pé ojú VGA lòun ń kọ̀wé sí, BIOS ń gbà á, ó ń darí rẹ̀ sí serial. Kernel Linux kì í gba agbẹnusọ. Bó bá ti gba àkóso, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ BIOS mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá hardware sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún un pé serial ni kó máa kọ̀wé sí, yóò kọ ọ́ sójú VGA, àpótí rẹ ò sì ní VGA. Orí kọ̀ǹpútà tó ní ojú ni wọ́n ti gbé Debian yẹn kalẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Ó ṣeé ṣe kí kernel rẹ máa ké láti àná, kó jẹ́ pé ibi tí o kò lè gbọ́ ló ti ń ké.

Nígbà tí GRUB bá jáde, tẹ lẹ́tà `e`. Wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `linux`, yọ `quiet` kúrò, kó o kọ èyí sí ìparí rẹ̀ (ttyS0 ni orúkọ tí Linux ń pe serial àkọ́kọ́):

`console=ttyS0,115200n8`

Lẹ́yìn náà Ctrl-X. Má lo F10, lẹ́tà F10 kì í sábà dé ibi tó ń lọ lórí serial. Àyípadà yìí kò wọ inú fáìlì kankan, ìgbà kan yìí nìkan ló máa ṣiṣẹ́, nítorí náà kò lè ba nǹkan jẹ́.

ỌmọÌfàkì
Ẹ lè fi méjèèjì síbẹ̀ ká má bàa pàdánù kankan: `console=ttyS0,115200n8 console=tty0`. tty0 ni ojú VGA. Kernel á máa kọ̀wé sí méjèèjì.

AráÌjerò
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n béèrè tèmi níbí. ALIX àtijọ́ ni tèmi, PC Engines náà ni. Kì í dákẹ́ ní tiẹ̀, àmọ́ àmì tí ò ní ìtumọ̀ ló kún ojú minicom. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Linux á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ṣeé kà.

ÀgbàWáyà
Ìyára ni, AráÌjerò. BIOS ALIX ń sọ̀rọ̀ ní 38400, 115200 ni ti APU. O ṣí minicom sí 115200, BIOS ń sọ tirẹ̀ ní 38400, gbogbo rẹ̀ dàrú. Nígbà tí Linux dé, 115200 tí wọ́n kọ fún un ló lò, ó sì yé ọ. Wọnú BIOS, gbé e lọ sí 115200, tàbí kó o gbé console= ti Linux wálẹ̀ sí 38400n8. Èyíkéyìí tó bá wù ọ́, kí gbogbo wọn ṣáà jọ wà lójú kan náà. Bí àmì tí ò nítumọ̀ bá ti ń jáde, mọ̀ pé wáyà rẹ dára. Wáyà tó já kì í kọ nǹkan kan rárá.

AráÌkẹ́rẹ́
Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run á bù kún yín. Kíbọ́ọ̀dù ti ń ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ́ bí ỌmọÌfàkì ṣe sọ, ttyS0 ṣáájú, tty0 tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kernel ń wọ́ lọ rẹrẹẹrẹ, mo rí mẹ́mórì, mo rí ojú nẹ́tíwọ̀kì mẹ́ta, mo rí SSD:

`sd 0:0:0:0: [sda] Attached SCSI disk`

Ó tún dákẹ́ síbẹ̀. Mo dúró, mo dúró, pàbó. Ṣé SSD ti kú ni?

Ìyá_Sẹ́fà
Kò tíì kú. Ẹni tó ti kú kì í jẹ́ orúkọ rẹ̀, kernel pe SSD yẹn ó sì dáhùn.

ỌmọÌfàkì, mo mọ̀ pé ire lẹ ní lọ́kàn, àmọ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn yẹn ló fa ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kejì yìí. Lóòótọ́ ni kernel ń kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí gbogbo console tẹ́ ẹ bá dárúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ń di `/dev/console`, èyí tó gbẹ̀yìn lórí ìlà náà sì ni. Gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn kernel, bẹ̀rẹ̀ láti inú initramfs (Linux kékeré tó ń ṣiṣẹ́ kí ti orí SSD tó dìde), `/dev/console` ló ń kọ̀wé sí, ibẹ̀ náà ló sì ti ń retí ìdáhùn. tty0 ló gbẹ̀yìn lórí ìlà yẹn, nítorí náà ìgbà tí ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu kernel, ó padà sójú VGA tí kò sí. Bí initramfs bá ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń béèrè rẹ̀.

Yí wọn padà: `console=tty0 console=ttyS0,115200n8`. Serial ni kó gbẹ̀yìn.

ỌmọÌfàkì
Ẹ ṣeun, Àǹtí. Kọ̀ǹpútà tó ní ojú tirẹ̀ ni mo máa ń lò, tty0 ló sì yẹ kó gbẹ̀yìn níbẹ̀. Ti àpótí yìí yàtọ̀.

AráÌkẹ́rẹ́
Àǹtí!!! Ẹ wò ó:

`/dev/sda1: UNEXPECTED INCONSISTENCY; RUN fsck MANUALLY.`
`(i.e., without -a or -p options)`
`fsck exited with status code 4`
`The root filesystem on /dev/sda1 requires a manual fsck`
`(initramfs)`

Láti àná ló ti ń dúró dè mí! Ṣé kí n tẹ `fsck -y /dev/sda1` báyìí?

ÀgbàWáyà
Dúró díẹ̀. fsck ló ń yẹ ètò fáìlì orí SSD wò, tó sì ń tún un ṣe. `-y` túmọ̀ sí pé o ti sọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ohun tó bá fẹ́ béèrè. Bó bá jẹ́ pé iná tó lọ lójijì nìkan ló da àkọsílẹ̀ rú, kò séwu púpọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé SSD fúnra rẹ̀ ti ń kú lọ, fsck á máa kọ̀wé sórí ohun tó ń wó, ó sì lè sọ èyí tó kù di àdánù. Níbi tó o wà yẹn, tẹ:

`dmesg | grep -i "i/o error"`

Bí ó bá kún fún ìlà, pa àpótí, yọ SSD, kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí òmíràn pẹ̀lú ddrescue. Bí kò bá mú nǹkan jáde, máa lọ.

AráÌkẹ́rẹ́
Kò mú ìlà kankan jáde. Mo ṣe fsck, ó tún àwọn inode (àkọsílẹ̀ nípa fáìlì) kan ṣe, ó ka àyè tó ṣófo lákọ̀tun, ó kọ "FILE SYSTEM WAS MODIFIED". Mo tẹ `exit`, ó ń bá iṣẹ́ lọ, ó sì parí sí:

`Debian GNU/Linux 12`
`login:`

Íntánẹ́ẹ̀tì ti dé. Mo wo fódà àwọn ọmọ, iṣẹ́ wọn pé. Mo ti ṣe ẹ̀dà wọn sórí flash kí n tó kọ ìdáhùn yìí. smartctl, tó ń yẹ ìlera SSD wò, náà ní SSD ṣì dára.

Ìbéèrè kan: ta ló fi `login:` yẹn sórí serial? Mi ò ṣètò nǹkan kan.

Ìyá_Sẹ́fà
Mo bá ọ yọ̀ gan-an ni.

systemd ni, ètò tó ń gbé àwọn iṣẹ́ yòókù dìde lẹ́yìn kernel. Nígbà tó ń tàn, ó wo console tí kernel ń lò, ó rí ttyS0 níbẹ̀, ó sì gbé `serial-getty@ttyS0`, èyí tó ń kọ `login:`, dìde fúnra rẹ̀. Bó o bá fẹ́ mọ ohun tó rí, `cat /sys/class/tty/console/active`.

Jẹ́ kó wà títí láé kó o tó kúrò níbẹ̀. Ohun tó o tẹ̀ lójú GRUB yẹn á pòórá bó bá ti tún tàn. Ṣí `/etc/default/grub`:

`GRUB_CMDLINE_LINUX="console=tty0 console=ttyS0,115200n8"`

Kíyè sí i pé `GRUB_CMDLINE_LINUX` ni mo kọ, kì í ṣe èyí tó ní `_DEFAULT` níparí. Ti `_DEFAULT` kì í dé orí ìlà recovery (èyí tí a fi ń tún nǹkan ṣe) lójú GRUB, ọjọ́ tí nǹkan bá sì bàjẹ́ gan-an ni wàá nílò recovery. Yọ `quiet` kúrò nínú `_DEFAULT` pẹ̀lú. Àpótí tí kò lójú kò gbọdọ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, `sudo update-grub`.

ỌmọÌfàkì
Mo fẹ́ kí wọ́n fi `fsck.repair=yes` kún un. Bí iná bá tún lọ, á tún ara rẹ̀ ṣe, ẹnikẹ́ni ò ní máa wá kébù kiri.

ÀgbàWáyà
Mi ò fara mọ́ ọn fún àpótí tó ń tọ́jú iṣẹ́ ọmọ ẹni. Ìkẹ́rẹ́ ò jìnnà sí i, ó lè dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orí òkè kan ní Ẹ̀fọ̀n ló wà, tó sì jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń pín, mo lè gbà. Èmi á ní kó lọ ra mini UPS oní-12V, irú èyí táwọn èèyàn ń lò fún router. 12V ni APU ń jẹ. Nígbà tí bátìrì bá fẹ́ rẹ̀, kó pa á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ìyá_Sẹ́fà
Èmi náà fara mọ́ Bàbá. Irinṣẹ́ tó dára ni `fsck.repair=yes`, àmọ́ ibi tí àkọsílẹ̀ kò bá ti ní ẹ̀dà níbòmíràn, ènìyàn ló yẹ kó wo ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀yẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Raspberry Pi ni tèmi, mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ṣé mo lè mú kébù null modem bí ti AráÌkẹ́rẹ́ yìí, kí n so wáyà rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ Pi?

ÀgbàWáyà
Rárá o! Má ṣe é! Serial ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án jẹ́ RS-232. Láti 3V títí dé 15V ló ń gbé, ó tún ń lọ sísàlẹ̀ òdo. 3.3V nìkan ni ẹsẹ̀ Pi lè gbà. Bó o bá so wọ́n pọ̀, Pi rẹ á jó, owó rẹ á sì lọ. Kébù USB sí TTL oní-3.3V ni kó o rà. Dúdú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ 6, ibi tí kébù ti ń gbọ́ sí ẹsẹ̀ 8, ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ sí ẹsẹ̀ 10. Wáyà pupa tó ń gbé 5V, má so ó mọ́ nǹkan kan bí Pi bá ti ní iná tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ `enable_uart=1` sínú config.txt. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ wáyà nìkan, ka ìwé tó bá kébù wá, àwọ̀ wọn kì í bára mu.

Akẹ́kọ̀ọ́Ọ̀yẹ́
Ẹ ṣé, Bàbá. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo fẹ́ so ó. Ẹ ti gba Pi mi sílẹ̀.

AráÌkẹ́rẹ́
Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀, mo tún àpótí náà tàn, kernel ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nǹkan kan ló kù: mo fi `GRUB_TERMINAL="console serial"` àti `GRUB_SERIAL_COMMAND` kún un, bí mo ṣe rí i níbì kan. Ní báyìí lójú GRUB, gbogbo lẹ́tà ń jáde ní méjì-méjì: "DDeebbiiaann".

Ìyá_Sẹ́fà
BIOS ń darí ọ̀rọ̀ GRUB sí serial, ìwọ náà tún ti sọ fún GRUB pé kó máa kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni méjì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú wáyà kan. Lórí sẹ́fà tí BIOS rẹ̀ kì í darí nǹkan kan, ìlà méjèèjì yẹn ṣe pàtàkì. Lórí APU tìrẹ, yọ wọ́n, kó o tún `update-grub` ṣe. Ìlà console= ti kernel ni kó o má fọwọ́ kàn.

AráÌkẹ́rẹ́
Mo ti yọ wọ́n, GRUB ti mọ́ tónítóní. Èsì `cat /proc/cmdline` rèé, fún ẹni tó bá ní irú àpótí yìí:

`BOOT_IMAGE=/boot/vmlinuz-6.1.0 root=/dev/sda1 ro console=tty0 console=ttyS0,115200n8`

Kébù tí ọ̀gá yẹn bá mi ṣe, mo ti kọ "2-3, 3-2, 5-5" sára rẹ̀, mo sì fi sínú dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ àpótí náà gan-an.